Orin Tó Lè Ru Ẹrù Ẹlòmíràn

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. A wà lóde ìnáwó kan l'Ókè-Sópẹ̀n, n'Íjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n ti pín ìkọ́kọrẹ́ tán, àwọn ọ̀dọ́ olórin tí wọ́n pè sì mú ọ̀kan nínú orin Hárúnà Ìṣọ̀lá, olóògbé olórin àpàlà, wọ́n fi gìtá àti dùrù oníná sí i lábẹ́, wọ́n ń fà á lọ. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan, tí wọ́n ti jókòó sójú agbo Hárúnà fúnra rẹ̀ rí, gbé ife ọwọ́ wọn kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kí òkú ọlọ́kùú sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ́ bàbá yẹn sí, kó kọ ọ́ bó ṣe kọ ọ́."

Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Àgbà ló sọ̀rọ̀, wọn ò sì fi ìkanra sọ ọ́. Ó dùn wọ́n ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí àwo tí mo gbé sétí tí ìbéèrè yẹn kì í tẹ̀ lé: báwo la ṣe ń yẹ́ olórin sí nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò sí ńlẹ̀ mọ́?

Ibi tí mo ti rí ohun tó sún mọ́ ìdáhùn jù lọ, ibi tí bàbá yẹn ò ní dẹ etí sí láéláé ni. Inú àwọn àwo ẹ̀yẹ tí àwọn olórin káàkiri ayé ṣe fún Black Sabbath ni, níbi tí wọ́n ti ń tún orin wọn kọ: àwọn ọmọ Birmingham mẹ́rin, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí baba heavy metal, orin gìtá tó wúwo, tó ń pariwo.

## Ẹjọ́ bàbá kì í ṣe ẹjọ́ òfìfo

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti bàbá dáadáa ná. Nínú àpàlà Hárúnà, kò sí gìtá, kò sí fèrè òyìnbó. Agídìgbo, àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti ìlù tó ń fọhùn ni. Ó máa ń jókòó kọrin ni, àwọn onílù á yí i ká, àwọn elégbè á máa gbè é. Ẹ wo agídìgbo níbi tó wà lórí itan ẹni tó ń lù ú: àpótí pákó tó fẹ̀, tó ní ihò lójú, irin pẹlẹbẹ mélòó kan tí wọ́n tò sójú rẹ̀, èyí tó gùn ń dún nísàlẹ̀, èyí tó kúrú ń dún lókè. Ìka ń ta irin, ọwọ́ ń gbá ara àpótí. Ohùn rẹ̀ kì í pariwo. Ibi tí Hárúnà bá ti dákẹ́ mí, ibẹ̀ ni agídìgbo ti ń dá a lóhùn.

Bí ẹ bá wá ti gìtá bọ ibẹ̀ yẹn, ẹ ti dí agídìgbo lẹ́nu. Ohun tí etí bàbá gbọ́ nìyẹn, òótọ́ sì ni. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù agídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bo òwe mọ́lẹ̀ nítorí kí òde lè gbóná kò ṣe dáadáa. Mo gbà pẹ̀lú bàbá títí débẹ̀. Oògùn tí wọ́n ní ká lò sí i ni mi ò lè gbé mì: pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan orin náà mọ́, àfi ẹni tó bá máa ṣe bí Hárúnà gẹ́lẹ́.

## Oṣù Keje ọdún 2025

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2025, àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Birmingham fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Pápá ìṣeré Villa Park ni, ní Aston, àdúgbò tí wọ́n ti tọ́ Ozzy Osbourne, akọrin Black Sabbath, dàgbà. Láti ọ̀sán ni àwọn ẹgbẹ́ olórin ti ń tò gorí pèpéle lọ́kọ̀ọ̀kan: Metallica, Slayer, Pantera, Guns N' Roses, Gojira láti ilẹ̀ Faransé. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kọ orin tirẹ̀, ó sì ń fi orin àwọn tí wọ́n wá yẹ́ sí kún un. Nígbà tó kan Ozzy, orí ìtẹ́ dúdú kan ló jókòó sí kọrin, torí àìsàn Parkinson ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbẹ̀yìn ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dá Black Sabbath sílẹ̀, Ozzy, Tony Iommi, Geezer Butler àti Bill Ward, kọ orin mẹ́rin pa pọ̀. Ọdún 2005 ni wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ kẹ́yìn.

Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 13, Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, wàjà lẹ́yìn ọdún 65 lórí oyè. Ní ọjọ́ 22, Ozzy náà kú. Mi ò fi olórin wé ọba o. Ṣùgbọ́n lóṣù yẹn, kò sí fóònù kan n'Íjẹ̀bú-Òde tí fídíò Ojúde Ọba àtijọ́ ò kún inú rẹ̀. Bí mo ṣe ń wo ìyẹn tán ni mò ń wo ti Villa Park, ohun tí mo sì ti ń wò láti kékeré wá hàn sí mi kedere.

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ máa ń tò wá síwájú Awùjalẹ̀. Gbọ́baníyì á wá, Bọ́bagbìmọ̀ á wá, ìdílé àwọn Balógun á gun ẹṣin wá. Gbogbo wọn, ọba kan náà ni wọ́n ń kí. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ kan kì í wọ aṣọ ẹgbẹ́ kejì wá, kì í sì í jó ijó ẹlòmíràn. Owó tí wọ́n ná sí aṣọ, ìlù tí wọ́n háyà, bí wọ́n ṣe mọ ìṣísẹ̀ wọn, ìyẹn gan-an ni ọba fi ń mọ̀ pé wọ́n ka òun sí. Bí ẹnìkan bá wá dé adé tó jọ ti Awùjalẹ̀ wá síbẹ̀, tó mú irú ìrùkẹ̀rẹ̀ wọn lọ́wọ́, tó jókòó bí wọ́n ṣe ń jókòó, ta ló máa sọ pé ó yẹ́ ọba sí? Wọ́n á lé e ni.

Èyí ni mo ní lérò láti sọ fún bàbá Òkè-Sópẹ̀n, bí mo bá rí àyè bá wọn jókòó: ẹni tó bá kọ orin Hárúnà bí Hárúnà gẹ́lẹ́, adé ọba ló dé wá kí ọba.

## Àwọn tó dé adé, àwọn tó wọ aṣọ tiwọn

Nínú àwọn àwo ẹ̀yẹ tí wọ́n ṣe fún Black Sabbath, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Nativity in Black, tó jáde lọ́dún 1994. Apá kejì tẹ̀ lé e lọ́dún 2000. Mo gbọ́ àpapọ̀ méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì máa sọ èrò mi bó ṣe rí: àwọn tó tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ pẹ́kípẹ́kí níbẹ̀ ló tètè ń sú mi. Megadeth kọ "Paranoid". Wọ́n mọ gìtá í ta, ọwọ́ wọn yá, ṣùgbọ́n nígbà tó parí, ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni etí mi ń béèrè. Type O Negative ní tiwọn mú "Black Sabbath", orin tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yẹ́ sí gan-an, wọ́n sì fà á títí ó fi dà bí ẹni pé kò ní dé ibi tó ń lọ. Sepultura gbé ìbínú Brazil tiwọn wọ inú "Symptom of the Universe". Àwọn wọ̀nyẹn ni mo ṣì ń padà sí.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ò sí nínú méjèèjì. Ẹgbẹ́ kan wà ní Austin, ní Texas, tí wọ́n ń pè ní Brownout. Ọmọ ìran Látìn ló pọ̀ nínú wọn, orin fọ́ǹkì ni wọ́n sì ń ṣe. Lọ́dún 2014, wọ́n gbé odindi àwo kan jáde tó jẹ́ kìkì orin Black Sabbath, fèrè ńláńlá àti ìlù kọ́ńgà ló sì gbé e ró. Kọ́ńgà yẹn àti àkúbà inú àpàlà, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Èmi tí mo jókòó sí Ìjẹ̀bú mọ ìlù yẹn lára kí n tó mọ orin tó wà lórí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé orin èṣù ni mò ń gbé lárugẹ. Orúkọ ló ń dẹ́rù bà wọ́n. "War Pigs" ń bá àwọn tó ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sógun wí, "After Forever" sì ń bi ènìyàn pé ṣé ó ti ro ti ọkàn rẹ̀ lẹ́yìn ikú. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

## Ìka méjì

Orin Black Sabbath fúnra rẹ̀, láti inú ẹ̀yẹ ló ti jáde. Ọmọ ọdún 17 ni Tony Iommi, onígìtá wọn, nígbà tí ẹ̀rọ gé orí ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nílé iṣẹ́ irin, lọ́jọ́ tó yẹ kó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn níbẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló fi ń tẹ okùn gìtá. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ wá mú àwo Django Reinhardt kan wá fún un, ọ̀gá onígìtá tí iná ti ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, tó sì jẹ́ pé ìka méjì ló kù tó fi ń ṣe ribiribi lórí okùn.

Iommi gbọ́ ọ, ó sì jí dìde. Ó mú ike ìgò ọṣẹ ìfọbọ́, ó yọ́ ọ, ó mọ ọ́n rogodo, ó fi irin gbígbóná lu ihò sí i títí ó fi wọ ìka rẹ̀ wẹ́kú. Awọ ló lẹ̀ mọ́ ọn lórí kó lè di okùn mú. Okùn tó fẹ́lẹ́ ló ń lò kó má baà dùn ún, nígbà tó sì yá, ó dẹ okùn náà wálẹ̀. Ohùn gìtá náà wá lọ sílẹ̀, ó wúwo, ó ń rọ́ kẹ̀kẹ̀. Àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1970, láti ìgbà náà ni aráyé sì ti ń wá bí wọ́n ṣe máa rí irú ohùn yẹn.

Kò sí ohun tó jọ orin Django níbẹ̀ rárá. Bí Iommi bá ní kí òun ta gìtá bí Django gẹ́lẹ́, ọ̀kan nínú àwọn aláfarawé Django tí a ò mọ orúkọ wọn ni ì bá jẹ́. Ìgboyà ọkùnrin yẹn ló gbà, ó sì fi ìka tirẹ̀ tó gé ná an.

## Orin kan, ọ̀fọ̀ mẹ́rin

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà fún mi wá nìyí. Ní Villa Park, ọmọkùnrin kan láti Doncaster tí wọ́n ń pè ní Yungblud, ọmọ ọdún 27, bọ́ síta láti kọ "Changes". Ọjọ́ méjì ṣáájú ni Diogo Jota, agbábọ́ọ̀lù Liverpool, kú nínú ìjàǹbá mọ́tò. Yungblud ní òun fi orin náà rántí rẹ̀. Gbogbo pápá bá a gbè é. Mo dá fídíò náà dúró, torí mo ti gbọ́ orin yẹn lẹ́nu ẹlòmíràn rí, kì í sì í ṣe ọ̀fọ̀ agbábọ́ọ̀lù ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà.

Ọdún 1972 ni "Changes" kọ́kọ́ jáde. Kò sí gìtá ńlá nínú rẹ̀. Iommi ló jókòó sídìí dùrù, Geezer Butler ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé ìgbéyàwó Bill Ward, onílù wọn, ń tú ká lásìkò yẹn. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya tó pínyà ni. Lọ́dún 2003, Ozzy àti Kelly, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jùmọ̀ kọ ọ́, wọ́n tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ tò, ó di ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ tó ń dàgbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Orin náà gorí àtẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gba ipò kìíní.

Lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́wọ́ Charles Bradley.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti ọkùnrin yìí. Ọdún 1948 ni wọ́n bí i, ní Florida. Ìyá rẹ̀ fi í sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, ìyá àgbà ló tọ́ ọ. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́jọ, ìyá padà wá mú un lọ sí Brooklyn. Ilé ò gbà á, ó sá jáde nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ń sùn sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ alásè káàkiri. Lálẹ́, á wọ irun àtọwọ́dá, á wọ aṣọ tó ń dán, á máa ṣe bí James Brown, àgbà olórin sóòlù, nínú àwọn ilé ijó kéékèèké. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ ìgbésẹ̀ James Brown, ó mọ igbe rẹ̀, ó mọ bó ṣe ń wó lulẹ̀ lórí eékún. Ó yẹ́ ẹ sí bí bàbá Òkè-Sópẹ̀n ṣe ń fẹ́ kí wọ́n yẹ́ Hárúnà sí gan-an. Kò sẹ́ni tó mọ Charles Bradley. Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún kí àwo tirẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lọ́dún 2011.

Lọ́dún 2013, òun àti ẹgbẹ́ Budos Band gbé "Changes" jáde. Wọ́n mú dùrù Iommi kúrò, wọ́n fi fèrè àti ìlù sóòlù rọ́pò rẹ̀. Ohùn Bradley ti ya, ó ti gbó, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń fa nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ ti parí ìjà nígbà yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló padà sí tó ń tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá kú. Nígbà tí orin náà fi máa tún jáde nínú àwo rẹ̀ ti ọdún 2016, tó tiẹ̀ ń jẹ́ orúkọ orin yẹn, ìyá ló ń kọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ lọ ni ọmọ kan fi ń sunkún ìyá tó lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Bill Ward tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí kò lè mọ̀ lọ́dún 1972 pé ìyẹn wà nínú orin òun. Butler tó kọ ọ́ kò mọ̀. Ẹlòmíràn ló ní láti gbé ẹrù tirẹ̀ lé e lórí ká tó mọ̀ pé ó lè rù ú. Látọjọ́ tí mo ti ro èyí dé ìdí ni mo ti gbà pé àwo ẹ̀yẹ, ìdánwò ló jẹ́ fún orin ju ìyìn fún olórin lọ. Orin tó bá jẹ́ pé ọ̀fun ẹni kan ṣoṣo ló gbà á, tó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí onítọ̀hún kú ni tirẹ̀ náà parí, a lè fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ogún kọ́ ni. Ogún ni ohun tí ọwọ́ ẹlòmíràn lè fi ṣiṣẹ́.

## Hárúnà ti ṣe é rí

Ohun tó jọ mí lójú jù nínú gbogbo ẹ̀ ni pé Hárúnà fúnra rẹ̀ mọ èyí. Lọ́dún 1948 tó kọ́kọ́ gba orin sílẹ̀ fún HMV, orin lórí Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, Ọba Adéboyè, ló ṣe. Àwo náà kò tà. Hárúnà padà sóde ìnáwó, ó ń kọrin kiri. Lọ́dún 1955, lẹ́yìn tí ọba wàjà, ó tún orin náà gbà sílẹ̀ lákọ̀tun. Èyí ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ọba kan náà, olórin kan náà, ìlú kan náà. Ọ̀fọ̀ ló dé tó bọ́ sínú orin, orin náà sì lè gbà á.

Bí Hárúnà bá ní kí òun jẹ́ kí orin àtijọ́ sinmi, tàbí kí òun kọ ọ́ bí òun ṣe kọ ọ́ nígbà tí kò tà, bóyá orúkọ rẹ̀ kì bá tí kọjá Òkè-Agbo àti Àtìkórí n'Íjẹ̀bú-Igbó. Musiliu, ọmọ rẹ̀, náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́nà tirẹ̀. Lọ́dún 2000, ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ó gbé Soyoyo jáde, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn Hárúnà sì ń jó àpàlà káàkiri. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹ sì wo ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dáadáa: ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ló ti ń hù, kì í hù sójú ihò kan náà.

## Àwo tí mo ń fẹ́

Àwo ẹ̀yẹ gidi fún Hárúnà Ìṣọ̀lá ni mo ń fẹ́, láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kó àwọn tí ohùn wọn jọ tirẹ̀ jọ. Mo fẹ́ kí obìnrin oníwákà kan mú ọ̀kan nínú àwọn orin náà, ẹni tó tọ́ ipa ẹsẹ̀ Bàtílé Àlàkẹ́, kó fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti elégbè nìkan gbé e. Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ṣágámù mú òmíràn, kí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jókòó gbọ́ ọ pa pọ̀. Kí ọmọ tó ń ṣe orin ráàpù n'Íjẹ̀bú-Òde kọ ti ìyá rẹ̀ tó ń ta gàrí sórí ìlù "Oroki Social Club". Kí ẹnìkan tó lè ta gìtá wúwo náà wọlé, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ jókòó ti ẹni tó ń lu agídìgbo, kó mọ ibi tí àlàfo wà, kó sì fi àlàfo náà sílẹ̀. Ìyẹn ni ohun tí àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Sópẹ̀n fò, ibẹ̀ sì ni ẹ̀bi wọn mọ. Tọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwo yìí á nílò ọwọ́ méjèèjì.

Kí ìyẹn tó lè ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Iommi kì bá tí rí Django yí padà bí ọ̀gá rẹ̀ kò bá gbé àwo lé e lọ́wọ́. Lára àwọn àwo tí Hárúnà ṣe láyé ìgbà tí àwo ṣì ń fọ́ bí abọ́ amọ̀ ṣì wà nínú àpótí àti lórí àjà àwọn ilé kan l'Ójòwò, ní Jàpárá, l'Ókè-Agbo, eruku ń jẹ wọ́n. Bí ó bá wà nílé yín, ẹ má gbé e fún àwọn tó ń ra ẹrù àlòkù kiri. Ẹ nù ún pẹ̀lú aṣọ tó rọ̀, ẹ gbé e dúró lóòró, ẹ má tò wọ́n léra, kí ẹ sì wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó lè gbé ohùn inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọmọ olórin tó bá wà ládùúgbò yín, ẹ ní kó wá jókòó gbọ́ ọ.